Kílọ́ọ̀ṣì Ló Ń Di Agbára Mú

Ìdáàṣà la dé tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lásán. Àpò sìmẹ́ǹtì 40 ló wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù Hilux náà. A ti kúrò ní Kútọ̀nù láti ìdájí, Paraku là ń lọ. Bí ọ̀nà ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn òkè olókùúta tí wọ́n fi ń mọ ìlú yẹn, awakọ̀ tẹná mọ́lẹ̀. Ìró ẹ́ńjìnì lọ sókè, abẹ́rẹ́ tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnì fò láti 2000 dé 3000, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò yára sí i. Ńṣe ló ń falẹ̀. Kò pẹ́ ni òórùn gba inú ọkọ̀ kan, òórùn kíkorò bíi ti rọ́bà àti irun tó ń jóná pọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, epo tí wọ́n tà fún mi ni kò dáa,” ni awakọ̀ wí.

Mo bi í léèrè ìgbà tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òun gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà fi agbára kún ẹ́ńjìnì. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀ lọ́jọ́ tó gbà á jáde, torí ọkọ̀ ń fò bí ẹyẹ lójú títì. Òfìfo ni ọkọ̀ wà lọ́jọ́ yẹn.

Epo kọ́, kílọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n ti fi agbára kún ẹ́ńjìnì lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò fi ohunkóhun kún ohun tó ń gba agbára náà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì láti gbé e fún táyà. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní mímọ̀ fún gbogbo ẹni tó ń fi píkọ́ọ̀pù jẹun ní Kútọ̀nù, kí wọ́n tó náwó sórí agbára. Agbára tí a kò bá lè dì mú, ariwo àti ooru ló máa dà.

Orúkọ méjì ni ẹ̀yà ọkọ̀ yìí ń jẹ́ láàárín wa. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní Èkó tàbí Ìbàdàn ń pè é ní kílọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, ní Pọ́bẹ̀ tàbí ní Kútọ̀nù níbí ń pè é ní embrayage. Irin kan náà ni. Ẹ̀yà mẹ́ta ló ṣe kókó nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni fíláwíìlì, irin rìbìtì tó wúwo, tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, tó ń yí ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Ìkejì ni dísíkì, àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ ohun tó ń di irin mú mọ́ lójú méjèèjì. Orí ọ̀pá tó wọ inú gíàbọ́ọ̀sì ló jókòó sí. Ìkẹta ni pírẹ́ṣọ̀, tí sípíríǹgì rẹ̀ ń ti dísíkì mọ́ fíláwíìlì pinpin. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí pẹ́dáàlì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, wọ́n jọ ń yí. Bí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dáàlì, bẹ́árìn kan á ti sípíríǹgì náà, pírẹ́ṣọ̀ á tú ọwọ́, dísíkì á bọ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì, a sì lè pààrọ̀ gíà.

Kò sí eyín, kò sí nọ́ọ̀tì tó so dísíkì mọ́ fíláwíìlì. Títẹ̀ mọ́ra nìkan ló ń gbé gbogbo ẹrù náà. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ fẹ́ ṣí ìdérí ìgò tó le, tí epo sì wà lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ á máa yọ̀. Ẹ lè fún ìdérí náà mọ́ra sí i. Ẹ lè nu epo kúrò, kí ẹ fi aṣọ tó rí háráhárá dì í mú. Ẹ lè fi ọwọ́ kejì kún ti àkọ́kọ́. Bí ìdérí náà bá sì fẹ̀ dáadáa, ẹ óò rí i pé ọwọ́ yín ká a ju èyí tó kéré lọ. Ohun mẹ́rin yìí náà ló ń pinnu bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe lágbára tó: bí pírẹ́ṣọ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó, bí ojú dísíkì ṣe ń di irin mú tó, iye ojú tó ń kan irin, àti bí ibi tó ti ń dì mú ṣe jìnnà sí àárín tó. Ẹ sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ìlọ́po ara wọn, ẹ óò rí iye agbára tí kílọ́ọ̀ṣì lè gbà kó tó yọ̀.

Newton mítà ni wọ́n fi ń wọn agbára tí ẹ́ńjìnì fi ń yí nǹkan. Bí ẹ bá de ọ̀pá irin tó gùn ní mítà kan mọ́ nọ́ọ̀tì bí ìgbà tí a fẹ́ tú táyà, tí ẹ sì fi ẹrù kílò 35 kọ́ ìkángun rẹ̀, ìyẹn tó 343 Newton mítà. Iye tí wọ́n kọ fún ẹ́ńjìnì onílítà 3 tó bá Hilux jáde ní ọdún 2005 nìyẹn. Bó bá jẹ́ odindi àpò sìmẹ́ǹtì kílò 50 lẹ fi kọ́ ọ, ó kù díẹ̀ kó pé 500.

Ẹ wá jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kílọ́ọ̀ṣì kan kojú ẹ́ńjìnì 343 yẹn. Ká ní ìdìmú ojú dísíkì rẹ̀ jẹ́ 0.3, pírẹ́ṣọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú 6000 Newton, tó ju ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì 12 lọ díẹ̀, ibi tó ti ń dì mú jìnnà sí àárín ní mítà 0.1, ojú méjì ló sì ń kan irin. Bí a bá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, 360 ni a óò rí. Ẹ́ńjìnì 343 kò lè borí kílọ́ọ̀ṣì yìí. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún agbára ẹ́ńjìnì náà, ó di 429. Kílọ́ọ̀ṣì ṣì wà níbi tó wà: 360 ló lè dì mú. Ohun tó lé lórí rẹ̀ kò ní dé táyà láé. Lóòótọ́, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín agbára ẹ́ńjìnì àti ìdìmú kílọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n nítorí ọjọ́ ogbó dísíkì, nítorí ooru, àti nítorí ẹrù tó wúwo ni wọ́n ṣe fi àyè náà sílẹ̀. Ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà jẹ àyè yẹn tán, owó ìpamọ́ ló ná.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi agbára kún ẹ́ńjìnì dísù, tí wọ́n ń pè ní gasoil níbí, ti yí padà. Láyé Peugeot 504 tí gbogbo wa mọ̀ sí bâchée, ẹ́ńjìnì dísù onílítà 2.3 rẹ̀ kò ju agbára ẹṣin 70 lọ, kò sì ní tọ́bò tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnì. Nínú irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀, àti nínú àwọn Hilux àtijọ́, ìdè kan wà lára pọ́ǹpù epo tó ń sọ iye epo tó gbọ́dọ̀ wọlé nígbà tí a bá tẹná mọ́lẹ̀ pátápátá. Mẹkáníìkì á yí ìdè náà díẹ̀, epo á pọ̀ sí i, ọkọ̀ á lágbára sí i, èéfín dúdú á sì máa tú jáde, nítorí afẹ́fẹ́ kò pọ̀ tó láti jó epo náà tán. Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì ló ń pàṣẹ iye epo, ìgbà tó máa wọlé, àti bí tọ́bò ṣe máa fẹ́ afẹ́fẹ́ tó. Wọ́n á so ẹ̀rọ mọ́ ọn, wọ́n á yí àṣẹ inú rẹ̀ padà, agbára á gòkè láìsí pé wọ́n tú nọ́ọ̀tì kan. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ló ń tan ènìyàn jẹ. Nígbà tí a kò rí irin tuntun kankan tó wọ inú ọkọ̀, a kì í rántí bi ara wa pé irin wo ló máa ru ẹrù tuntun náà.

Ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù tí kò ní tọ́bò ní láti yí kíákíá kó tó fún wa ní gbogbo agbára ìyí rẹ̀. Dísù onítọ́bò ń fún wa ní tirẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ti Hilux 343 yẹn, láti ìyípo 1400 títí dé 3200 ní ìṣẹ́jú kan ni gbogbo rẹ̀ fi wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ràn dísù fún ẹrù. Ó sì jẹ́ ìdí tí kílọ́ọ̀ṣì fi ń kọ́kọ́ yọ̀ ní gíà kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nígbà tí ọkọ̀ ń rọra lọ, tí awakọ̀ sì tẹná lójijì. Ní gíà kékeré, ọkọ̀ á tètè gbéra, ẹ́ńjìnì á sì tètè kọjá ibi tí agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ní gíà ńlá, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ẹ́ńjìnì á dúró síbi agbára yẹn pẹ́ títí, kílọ́ọ̀ṣì á sì máa ru gbogbo rẹ̀ láìsinmi.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ fúnra wọn mọ ibi tí ẹ̀yà yìí ń dé. Nígbà tí Toyota ṣe àtúnṣe sí Hilux onílítà 2.8 ní ọdún 2020, wọ́n gbé agbára ìyí ti èyí tó ń pààrọ̀ gíà fúnra rẹ̀ lọ sí 500. Èyí tó ní kílọ́ọ̀ṣì, 420 ni wọ́n fi í sí. Bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnì kan náà ni. Ní Amẹ́ríkà, irú ìtàn kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí píkọ́ọ̀pù Ram tó ń lo ẹ́ńjìnì dísù Cummins. Nígbà tó jáde ní ọdún 1989, agbára ìyí rẹ̀ tó nǹkan bí 540 Newton mítà. Ní ọdún 2018, èyí tó lágbára jù nínú àwọn tó ń pààrọ̀ gíà fúnra wọn ti kọjá 1250, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí èyí tó ní kílọ́ọ̀ṣì kọjá nǹkan bí 895. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe èyí tó ní kílọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn. Bí ilé iṣẹ́ tó ní gbogbo ẹ̀rọ ìdánwò bá ń fi ààlà sí agbára nítorí ohun tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti táyà, ó yẹ kí àwa náà ronú kí a tó fi ọwọ́ kan ààlà ọ̀hún.

Kí ni yíyọ̀ náà ń bàjẹ́? Ooru ni ìdáhùn. Bí kílọ́ọ̀ṣì tó ń gbé 300 Newton mítà bá ń yọ̀, tí ìyípo ẹ́ńjìnì sì fi 1000 ní ìṣẹ́jú kan yára ju ti dísíkì lọ, ooru tó ń jáde níbẹ̀ ju kílówáàtì 31 lọ. Ẹ fojú inú wo ààrò iná mànàmáná 31, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílówáàtì kan, tí a kó sínú àpótí irin tí kò fẹ̀ ju agbada lọ, tí a sì tàn wọ́n pa pọ̀. Ojú dísíkì á kọ́kọ́ dán bíi gíláàsì, ìdìmú rẹ̀ á sì dín kù, nítorí náà á tún máa yọ̀ sí i. Fíláwíìlì á ṣe àmì aláwọ̀ aró káàkiri ojú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Sípíríǹgì pírẹ́ṣọ̀ tó bá gbóná kọjá ààlà á rọ, kò sì ní tẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́. Kílọ́ọ̀ṣì tó yọ̀ lónìí ti dín agbára ti ọ̀la kù.

Ọ̀nà láti fi agbára kún kílọ́ọ̀ṣì kò ju mẹ́rin tí a kà lórí ìdérí ìgò lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wa. Pírẹ́ṣọ̀ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ á tẹ dísíkì dáadáa, ṣùgbọ́n pẹ́dáàlì á le, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì máa ro ó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Gódómẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́, ó ń ti kírańkì ẹ́ńjìnì síwájú, àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń dá kírańkì dúró á sì tètè jẹ. Dísíkì tí wọ́n fi sẹ̀rámíìkì tàbí lúlú irin ṣe ojú rẹ̀ máa ń di irin mú gan-an, kì í sì bẹ̀rù ooru, ṣùgbọ́n ó máa ń gbá mú lójijì, ọkọ̀ á máa fò ṣáṣá bí ó bá fẹ́ gbéra, ó sì ń jẹ fíláwíìlì. Èyí tí wọ́n fi Kevlar ṣe rọ̀ ju ìyẹn lọ lábẹ́ ẹsẹ̀, àmọ́ ó nílò sùúrù kí ojú rẹ̀ tó bá ti irin mu. Kílọ́ọ̀ṣì oní-dísíkì méjì ní ojú mẹ́rin dípò méjì, nítorí náà ìdìmú rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé pẹ́dáàlì le jù. Owó rẹ̀ ló pọ̀, ó sì máa ń hó díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dára, bí àyè bá gbà á nínú ilé kílọ́ọ̀ṣì.

Fíláwíìlì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísù òde òní ló ń lo oríṣi tó pín sí méjì, tí sípíríǹgì wà láàárín rẹ̀. Ilé iṣẹ́ LuK ní Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún ọkọ̀ ní ọdún 1985. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ìgbọ̀nrìrì dísù kó tó dé gíàbọ́ọ̀sì. Bí a bá fi agbára kún ẹ́ńjìnì, àwọn sípíríǹgì inú rẹ̀ á máa fún pọ̀ kọjá ààlà títí wọn á fi bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń yọ ọ́ kúrò, wọ́n á fi odindi irin kan rọ́pò rẹ̀. Odindi irin náà lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nrìrì tí èyí tó pín sí méjì ń gbà mì, inú gíàbọ́ọ̀sì ló ń lọ báyìí.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti dúró ronú. Agbára òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Bí a bá fún kílọ́ọ̀ṣì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè yọ̀ mọ́, agbára á wá ilé mìíràn wó: eyín gíà, ọ̀pá tó gbé dísíkì, ìdè inú gíàbọ́ọ̀sì, tàbí ọ̀pá tó lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó lo gíàbọ́ọ̀sì NV4500 lẹ́yìn Cummins ní àwọn ọdún 1990 mọ èyí dáadáa: nọ́ọ̀tì tó di gíà ìkarùn-ún mú máa ń tú lórí ọ̀pá rẹ̀, gíà náà á sì ṣí kúrò láyè rẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìjayà ńlá ń gba gíàbọ́ọ̀sì là. Nítorí náà, kílọ́ọ̀ṣì tó tọ́ ni èyí tó ju agbára ẹ́ńjìnì lọ níwọ̀n, tí kò sì ju agbára gíàbọ́ọ̀sì lọ.

Kútọ̀nù fúnra rẹ̀ ń dán kílọ́ọ̀ṣì wò lọ́nà tirẹ̀. Ìlú wa tẹ́jú, kò ní òkè, ṣùgbọ́n ó ní iyanrìn. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ọ̀nà tí a ń pè ní von ṣì jẹ́ yanrìn pọ́ńbélé. Táyà tó bá rì sínú yanrìn kò ní yí, awakọ̀ á máa fi ẹsẹ̀ kan tẹná, á sì máa fi èkejì di pẹ́dáàlì sí ìlàjì. Ìṣẹ́jú méjì irú èyí lè jẹ dísíkì ju ìrìn-àjò oṣù kan lọ. Ó sàn kí a sọ̀ kalẹ̀, kí a tú afẹ́fẹ́ táyà díẹ̀, kí a wa yanrìn kúrò níwájú rẹ̀. Lẹ́bàá ọjà Tọ̀kpá, níbi tí ọkọ̀ àti alùpùpù zémìjàn ti ń fún ara wọn, àwọn awakọ̀ kan máa ń fi kílọ́ọ̀ṣì dá ọkọ̀ dúró dípò búrékì. Àwọn mìíràn máa ń fi gíà kejì gbéra kí wọ́n má baà pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ooru tí kílọ́ọ̀ṣì ń gbà mì nígbà ìgbéra tó agbára ìsáré tí ọkọ̀ ní nígbà tó bá di mú tán. Bí ìsáré yẹn bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Gíà kìíní ni Ọlọ́run fi ṣàánú kílọ́ọ̀ṣì, kí a lò ó.

Ẹrù náà ńkọ́? Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù irú Hilux fún, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì 20. Ẹni tó kó 40 ti fi agbára kún ìyà kílọ́ọ̀ṣì kó tó di pé ó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà.

Kí a tó náwó, ìdánwò kan wà tí kò gba kọ́bọ̀. Lójú ọ̀nà tó dá, fi ọkọ̀ sí gíà kẹrin, jẹ́ kó máa rọra lọ ní nǹkan bí ìyípo 1500, kí o wá tẹná mọ́lẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ àti ìsáré bá jọ gòkè, kílọ́ọ̀ṣì ń dì mú. Bí abẹ́rẹ́ bá fò, tí ọkọ̀ sì dúró síbi tó wà, má ṣe fi agbára kankan kún un. Bí a bá tú gíàbọ́ọ̀sì sílẹ̀, kí a wo ìdí kírańkì bóyá ọ́ìlì ń jò, nítorí ẹ̀kán ọ́ìlì díẹ̀ tó láti ba dísíkì tuntun jẹ́. Kí wọ́n gé ojú fíláwíìlì kó tẹ́jú. Kí a pààrọ̀ bẹ́árìn pẹ̀lú. Dísíkì tòkunbọ̀ kò yẹ ẹ́ńjìnì tí a fi agbára kún. A kò mọ ooru tó ti jẹ kó tó dé ọjà wa. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì so ó tán, kí awakọ̀ fi sùúrù lò ó fún nǹkan bíi kìlómítà 800, láìkó ẹrù ńlá, kí ojú dísíkì àti ti irin lè mọra.

Bí mo bá ní ọmọ tó fẹ́ fi píkọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́, bí mo ṣe máa to iṣẹ́ náà fún un nìyí: kọ́kọ́ ka ẹrù rẹ, lẹ́yìn náà mọ ohun tí gíàbọ́ọ̀sì rẹ lè gbà, lẹ́yìn náà wá kílọ́ọ̀ṣì tó wà láàárín, kí ẹ́ńjìnì ṣe ìkẹyìn. Ìdàkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣe.

Awakọ̀ tó gbé mi lọ́jọ́ yẹn lo gíà kejì àti ìkẹta títí a fi dé Paraku, a sì pẹ́ lọ́nà. Nígbà tí wọ́n tú kílọ́ọ̀ṣì náà, ojú fíláwíìlì ti di àmì aró káàkiri. Ó ra pírẹ́ṣọ̀ àti dísíkì tuntun, ó sì ní kí wọ́n dá ìdajì agbára tí wọ́n fi kún ẹ́ńjìnì padà. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo tún bá a rin ọ̀nà yẹn. Àpò 22 ló kó, ó kà wọ́n lójú mi. Nígbà tí a dé àárín àwọn òkè Ìdáàṣà, ó tẹná, kò sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ ló ń wò. Abẹ́rẹ́ gòkè díẹ̀díẹ̀, àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára kọjá wa.